Bàbá Hosea Kò Gbàgbé Nǹkan Kan

Ẹ̀yin Yorùbá Zaria, láti Sábó dé Samaru, ẹ̀yin tí ẹ ti ń káàánú Bàbá Hosea Oyèládé láti ìgbà tí wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àánú yẹn dúró ná. Orí wọn ò dàrú. Wọn ò gbàgbé nǹkan kan. Irọ́ ni, èmi ni mo sì pa á, èmi Hafeezat, ọmọ Alhaji Rájí tó ń ta aṣọ ní Sábó. Mo ti gbé e mì títí, ó ti há mi lọ́fun. Bí mi ò bá sọ ọ́ síta níbi tí gbogbo ẹni tó gbọ́ irọ́ náà ti lè gbọ́ òtítọ́, a jẹ́ pé mo ṣì ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo ń tu itọ́ funfun jáde, ìyẹn sì ti sú mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí Bàbá Hosea jẹ́ sí mi, kí ẹ lè mọ bí ìwà mi ti burú tó. Ará Yàgbà ni wọ́n, láti Ìsánlú, ṣùgbọ́n Wusasa ni wọ́n dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn ló dá ọ́fíìsì wa sílẹ̀ ní Hayin Dogo, lókè ṣọ́ọ̀bù alọta kan tó jẹ́ pé bó bá ti tan ẹ̀rọ rẹ̀, tábìlì wa á máa gbọ̀n. Ètò kọ̀ǹpútà là ń kọ níbẹ̀ fún ilé ìwé, fún àwọn oníṣòwò àgbàdo ní Dakace, fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, ẹnu mi mú ju ọwọ́ mi lọ, Hausa mi sì dán ju Yorùbá mi lọ. Bàbá kọ́ mi ní kóòdù, wọ́n tún kọ́ mi ní Yorùbá mọ́ ọn, ọ̀fẹ́. Bí mo bá ṣe àṣìṣe, wọ́n á ní, "Ọmọ Ìlọrin, ṣé wàrà lẹ fi ń ronú lọ́hùn-ún ni?" Èmi náà á ní iyán ni kì í jẹ́ kí ará Yàgbà tètè dìde lórí ìjókòó. Bí àkókò ìrun bá tó, tí mo sì tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, Bàbá tí wọ́n jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ló máa kan tábìlì mi: "Hafeezat, Àsárì ti tó o. Kóòdù ò ní sá lọ." Ìyàwó wọn, Màmá Janet, a máa se oúnjẹ ọ̀sán ránṣẹ́, tèmi á sì wà lọ́tọ̀ nínú kúlà, torí wọ́n mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ata púpọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe mí nìyẹn. Ẹ wo ẹni tí mo lọ ṣe níkà.

Òfin kan ló wà ní ọ́fíìsì wa. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá kọ, kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ oníbàárà àfi tí Bàbá bá kà á. Wọn kì í kà á lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, wọ́n á mú bírò pupa, wọ́n á máa kà á sókè bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ tí o kọ ọ́ á sì jókòó tì wọ́n. Bí wọ́n bá dé ibi kan, wọ́n á dúró, wọ́n á bi ọ́ pé, "Ta ni eléyìí máa wúlò fún? Ta ló máa pa lára?" Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á kọ "Mo ti kà á" sínú kọ̀ǹpútà lórúkọ ara wọn. Láìsí gbólóhùn yẹn, ètò náà ò ní jáde. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé nídìí iṣẹ́, mo rò pé ìjìyà ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n èmi ọmọ tuntun náà ò mọ̀ pé orí mi ń wọ́.

Nígbà tó yá ni àwọn ejẹ́ǹtì dé. Kì í ṣe ejẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn wá ilé o. Ẹ̀rọ AI ni. O máa sọ ohun tí o fẹ́ fún un lọ́rọ̀ lásán, á ka gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, á kọ kóòdù, á dán an wò fúnra rẹ̀, á wá jábọ̀ fún ọ. Iṣẹ́ tí èmi ń lo odidi ọ̀sẹ̀ lé lórí, kí n tó mu kunu inú ike mi tán, ó ti ṣe é. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn débi pé mo jó. Bàbá náà ò kọ̀ ọ́. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Wọn kì í bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ láìkọ́kọ́ kọ "Sannu da aiki", ìyẹn ẹ kú iṣẹ́, sí i, mo sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń kí ẹ̀rọ. Wọ́n á ní, "Àṣejù ìkíni ò sí. Ọmọ yìí mọ iṣẹ́. Ohun tí kò mọ̀ ni ẹnikẹ́ni ní Zaria. Ẹni tí kò bá sì mọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún, ká ka iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa."

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Tẹ́lẹ̀, èmi ń kọ, Bàbá ń kà, ìwọ̀n tí ọwọ́ mi lè kọ lójú wọn lè kà. Ní báyìí ẹ̀rọ ń kọ, èmi ń pàṣẹ, ìwé sì ń ga lórí tábìlì Bàbá bí ẹni kó ẹrù ọjà Dakace jọ. Àwọn oníbàárà ti gbọ́ pé iṣẹ́ ti yá, wọ́n ń fẹ́ ohun gbogbo lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí ìmí ẹ̀dùn sí Bàbá létí. Mo ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé Bàbá ló ń fà wá sẹ́yìn. Ẹni tó kọ́ mi ní A, kọ́ mi ní B!

Lẹ́yìn náà ni ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Dókítà ní kí wọ́n má wo kọ̀ǹpútà títí ojú á fi jinná. Ni wọ́n bá pè mí sílé, wọ́n fún mi ní páásíwọ̀ọ̀dù wọn. Wọ́n ní, "Ìwọ ni kí o máa kà á sí mi létí lórí fóònù. Bí mo bá ní ó dára, kí o bá mi kọ ọ́ pé mo ti kà á. Mi ò lè fún ẹlòmíràn." Mo dì wọ́n lọ́wọ́ mú, mo ní wọ́n fọkàn balẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo ṣe é bí wọ́n ṣe wí. Mo ń kà, wọ́n ń gbọ́, Màmá Janet ń pariwo láti kíṣìnì pé ká jẹ́ kí aláìsàn sinmi. Ìgbà tó yá, mo ń fo ojú ìwé kan, mo ń fo méjì. Nígbẹ̀yìn, mi ò pè wọ́n mọ́. Mò ń kọ "Mo ti kà á" lórúkọ Bàbá sábẹ́ ohun tí èmi alára ò kà. Ojú mi méjèèjì sì là o!

Ilé ìwòsàn kan wà ní Sábó tó jẹ́ oníbàárà wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, wọn ò ṣẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù wọn ní àwọn aláìsàn ti pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà àwọn, pé ẹnì kan á forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lónìí á ní òun ni Bíọ́lá, lọ́la á ní òun ni Amina. Mo sọ fún ejẹ́ǹtì pé gbogbo àwọn tí orúkọ bàbá wọn, ọjọ́ ìbí wọn àti nọ́ńbà fóònù ìyá wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n. Kó so wọ́n pọ̀, kó fi káàdì tó dé kẹ́yìn sílẹ̀, kó gbé èyí tó ṣáájú kúrò. Ẹ̀yin Yorùbá, ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ. Èmi ni mi ò rí i. Èmi tí ìyá tó bí mi ń jẹ́ Kẹ́hìndé! Ilé wo ló wà ní Sábó tí kò ní ìbejì? Bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, fóònù ìyá kan náà. Bàbá Hosea ti rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sínú kóòdù pé a kò gbọdọ̀ so Táíwò pọ̀ mọ́ Kẹ́hìndé, tàbí Hassan mọ́ Hussaini, torí níbí, ẹni tó ń jẹ́ Táíwò nílé lè máa jẹ́ Hassan níta. Ejẹ́ǹtì náà rí òfin yẹn. Ó sì sọ fún mi o. Ó kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ pé òfin kan ta ko àṣẹ mi, pé òun ti yọ ọ́, pé kí n jọ̀ọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́. Ẹ̀rọ ṣe tirẹ̀. Èmi ò ka ìjábọ̀ náà. Mo kọ "Mo ti kà á" lórúkọ Bàbá, mo lọ ra súyà.

Ìdíátù tó ń ta bàtà ọmọdé lọ́jà Sábó ní ìbejì. Ara Táíwò rẹ̀ kì í gba abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì, ó sì ti sọ bẹ́ẹ̀ nílé ìwòsàn, wọ́n ti kọ ọ́ sí káàdì ọmọ náà. Káàdì Táíwò ló ṣáájú, ti Kẹ́hìndé ló dé kẹ́yìn. Ẹ̀yin náà mọ èyí tó kúrò. Ọjọ́ tí egbò ẹsẹ̀ Táíwò wú, ìyá àgbà ló gbé e lọ torí Ìdíátù rìnrìn àjò ọjà, ìyá àgbà ò sì mọ̀ nípa abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì wo kọ̀ǹpútà, kò rí ìkìlọ̀ kankan, ó gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Ojú ọmọ wú, ètè rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ ń há. Ọlọ́run ló yọ ọ́, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì yẹn tó sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, tó mọ oògùn tó máa fún un. Ara ọmọ náà ti le, alhamdulillah, ó tún ti ń lé àgùntàn kiri. Ṣùgbọ́n ìgbà tí Ìdíátù dé, igbe rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò gbọ́: "Mo sọ fún yín! Wallahi, mo fẹnu ara mi sọ fún yín!"

Mátírọ́ọ̀nù wá sí ọ́fíìsì wa. Bàbá ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, pẹ̀lú awò tuntun lójú. Wọ́n ní kí n tẹ kóòdù náà sórí ìwé. Wọ́n kà á. Wọ́n rí i pé òfin ìbejì ti kúrò, wọ́n sì rí orúkọ ara wọn nísàlẹ̀. Wọ́n tún un kà. Wọ́n gbójú sókè sí mi, wọ́n ní, "Hafeezat, orúkọ mi ló wà níbí. Ṣé mo ka eléyìí? Mi ò rántí." Ẹ dákun, ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí, torí ibi tó burú jù nìyí. Bàbá ò fura sí mi rárá. Ìbéèrè gidi ni wọ́n ń bi mí, bí èèyàn ṣe ń bi ọmọ rẹ̀ pé ibo ni mo fi kọ́kọ́rọ́ sí. Òtítọ́ ti dé ètè mi. Mo wo mátírọ́ọ̀nù, mo ronú ojú tó máa fi wò mí, mo ronú ohun tí wọ́n máa sọ ní Sábó nípa ọmọ Rájí. Mo ní, "Ẹ kà á, Bàbá. Mo kà á sí yín létí lórí fóònù. Ẹ ti gbàgbé ni." Wọ́n ní, "Mo gbàgbé?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ojú ń dùn yín lọ́jọ́ yẹn." Mo tiẹ̀ fi ìyẹn lé e, kó lè dùn-ún gbọ́. Bàbá bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n yíjú sí mátírọ́ọ̀nù, wọ́n ní, "Èmi ni, mà. Ẹ má bínú sí ọmọ mi."

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà, tí Màmá Janet sọ fún mi lẹ́yìn náà, ni pé bàbá tó bí Bàbá Hosea ṣe arán nígbà ogbó ní Ìsánlú, débi pé ó ń bi ìyàwó ara rẹ̀ pé ta ló ń wá. Ohun tí Bàbá bẹ̀rù jù láyé nìyẹn, ohun náà gan-an ni mo sì fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi èmi jẹ ọ̀gá. Wọn ò wa mọ́tò mọ́. Wọn ò kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì mọ́, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí kò sí nínú ìwé. Bí bàtà wọn bá sọnù, bí ó ṣe máa ń sọnù fún gbogbo wa, wọ́n á jókòó, wọ́n á ní ó ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Dókítà ní òun ò rí nǹkan kan. Bàbá ní kò tíì tó àkókò tí dókítà máa rí i ni. Èmi náà ń gbé ọsàn lọ kí wọn, mò ń jókòó tì wọ́n, mò ń sọ pé ara á le. Ojú ò tiẹ̀ tì mí nígbà yẹn.

Ní ọ́fíìsì, iṣẹ́ ti yí padà bìrí. Àwọn ọmọ tí mo gbà kì í fi ọwọ́ ara wọn kọ kóòdù mọ́, ejẹ́ǹtì ló ń kọ ọ́. Ohun tó kù fún èèyàn ni kó mọ ohun tó máa béèrè, kó sì jókòó ka ohun tó bá jáde, kó bi ara rẹ̀ pé ta ló máa pa lára. Iṣẹ́ Bàbá gan-an nìyẹn. Mo lé ẹni tó mọ̀ ọ́n jù kúrò, mo wá ń tẹ ìwé, mo ń wá bírò pupa kiri kí n tó kọ "Mo ti kà á" lórúkọ ara mi.

Lọ́sẹ̀ yìí ni Bàbá àti Màmá Janet gun àtẹ̀gùn wá bá mi. Bàbá kí gbogbo ilé ní "Òkun o", ìkíni àwọn ará Yàgbà, bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àwọn wá dágbére. Àwọn ń kó lọ sí Ìsánlú pátápátá, kí ó tó di pé ọ̀rọ̀ náà le jù, kó lè jẹ́ pé àárín ẹbí ni àwọn á wà. Wọ́n jókòó, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Hafeezat, wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe èèyàn. Bí o bá wá kí mi, tí mo bá ń wò ọ́ bí àlejò, má bínú. Dárúkọ ara rẹ fún mi kí o tó kí mi. Mi ò fẹ́ kí o rò pé mi ò fẹ́ràn rẹ mọ́."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ilẹ̀. Orí eékún mi ni mo ti sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, páásíwọ̀ọ̀dù, ìjábọ̀ ejẹ́ǹtì, irọ́ fóònù. Ẹkún kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi já gaara, Bàbá sì ní láti máa bi mí lọ́kọ̀ọ̀kan.

"O ò kà á sí mi létí?"

"Mi ò kà á, Bàbá."

"O ò pè mí rárá?"

"Mi ò pè yín."

"Nítorí náà, mi ò gbàgbé."

"Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan, sà. Èmi ni."

Mo ń dúró kí wọ́n gbá mi létí. Bàbá dìde. Wọ́n pariwo, "Janet! Orí mi pé! Kai! Janet, orí mi pé o!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ń ka orúkọ àwọn ọmọ Jékọ́bù láti orí Rúbẹ́nì dé orí Bẹ́ńjámínì, wọ́n tún ka orúkọ gbogbo ọmọ ilé wa ní Sábó, títí kan ọ̀kan tó ti lọ Kano. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di orí mi mú, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O ṣeun, o ṣeun." Ẹni tí mo jà lólè ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá lù mí ni, ì bá sàn fún mi.

Mo ti lọ sọ fún mátírọ́ọ̀nù. Mo ti kúnlẹ̀ fún Ìdíátù ní ìsọ̀ rẹ̀, ó sì sọ ohun tí ìyá ọmọ máa ń sọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ wa, ẹ má sọ pé mo ní kí ẹ má lo ejẹ́ǹtì. Ẹ lò ó, ẹ tún kí i bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ pé ẹ ti kà á, kí ẹ ti kà á, kí ó sì jẹ́ lórúkọ ara yín. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ tètè sọ, kí ẹ má lọ fi ọgbọ́n yín ba orí àgbà jẹ́. Bàbá mi, mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ yín níwájú gbogbo Zaria, torí níwájú gbogbo Zaria ni mo ti bà yín lórúkọ jẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo jẹ́wọ́ yẹn, Màmá Janet dìde lẹ́yìn ọkọ wọn. Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n tẹ̀ lé ọkọ wọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọdé tí ilé ìwé parí fún. Ní àárín àtẹ̀gùn, wọ́n dúró, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Hafeezat, láti ìgbà yẹn, ní àràárọ̀ ni mo máa ń dúró kí ọkọ mi lajú, kí n gbọ́ bóyá á pe orúkọ mi. Jẹ́ kí inú mi dùn tán ná. Bí inú mi bá dùn tán, màá padà wá bínú sí ọ."

Ẹ máa bọ̀, mà. Mo wà nílé.